Ìrìn-àjò afẹ́ láì gba físà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ń gbé ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti agbègbè wọn, tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tàbí tó fẹ́ gbà á, tó sì ń gbèrò láti ṣe ìrìn-àjò afẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè tí kì í bèèrè físà lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti gbọ́ pé ibì kan kò gba físà, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé kò sí ìwé kankan tí wọ́n tún máa wá. Òfin tó yọ físà kúrò náà ló dárúkọ àwọn ìwé mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni, ẹni tí kò bá sì ní wọn lè dé ẹnu ibodè kí wọ́n dá a padà, tàbí kó máa sanwó ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e yìí ni àwọn èèyàn máa ń béèrè jù, pàápàá bí ọdún Iléyá tàbí ìparí ọdún bá ń sún mọ́lé.

Àwọn orílẹ̀-èdè wo ló wà nítòsí tí ọmọ Nàìjíríà lè wọ̀ láì gba físà?

Àwọn tó sún mọ́ wa jù lọ ni àwọn tó wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n fi àdéhùn ìlú Èkó dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Lẹ́yìn tí Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025, orílẹ̀-èdè 12 ló kù: Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Côte d'Ivoire, Liberia, Sierra Leone, Guinea, Guinea-Bissau, Senegal, Gambia àti Cabo Verde. Bí a bá yọ tiwa kúrò, mọ́kànlá ni ọmọ Nàìjíríà lè wọ̀, tó sì lè gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́, láì kọ́kọ́ lọ bèèrè físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú wọn.

Fún ẹni tí kò tíì jáde rí, ìmọ̀ràn wa ni pé kó fi Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lè dé Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Pọ́bẹ̀, kó sì máa sọ èdè Yorùbá pẹ̀lú àwọn tó bá pàdé, nígbà tí yóò tún rí bí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe ń ṣètò ara rẹ̀. Ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í náni lówó púpọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ iṣẹ́ ẹnu ibodè kó tó rin jìnnà.

Òfin wo ló fún wa ní àǹfààní yìí, kí ló sì sọ gan-an?

Àdéhùn lórí ìrìnkèrindò àwọn èèyàn, ibùgbé àti ìdásílẹ̀ iṣẹ́ ni, èyí tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ìlú Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979. Abala kẹta rẹ̀ ló yẹ kí arìnrìn-àjò mọ̀ dáadáa. Ó ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọ òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé ẹ̀rí ìlera àgbáyé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí yẹ́lò káàdì, tó ń fi hàn pé ẹni ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ó ní ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè tí ìjọba mọ̀ sí wọlé. Bí kò bá sì ní lò ju 90 ọjọ́ lọ, kò nílò físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Abala kẹrin kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ó fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti kọ ẹni tí òfin tiwọn bá kà sí ẹni tí kò yẹ kó wọlé. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ibodè lè bi yín ní ìbéèrè, ó sì ní àṣẹ láti ní kí ẹ padà bí ìdáhùn yín kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí kò sí físà, físà ẹnu ibodè àti ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àwọn ẹ́jẹ́ǹtì máa ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, owó àwọn oníbàárà wọn ló sì máa ń bá a lọ. Ní ibi tí kò sí físà rárá, bíi Gánà tàbí Tógò fún ọmọ Nàìjíríà, òǹtẹ̀ ìwọlé nìkan ni wọ́n máa lù sínú ìwé ìrìnnà yín. Físà ẹnu ibodè jẹ́ físà ní tòótọ́: ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n lè gba owó, wọ́n sì lè kọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ ti náwó ọkọ̀ débẹ̀. Ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ físà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Seychelles jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Kì í bèèrè físà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan ní ayé, síbẹ̀ ó ní kí àlejò kọ ìwé àṣẹ yìí ṣáájú, kó ní tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, kó mọ ibi tó máa dé sí, kó sì fi hàn pé owó tó máa ná wà lọ́wọ́ òun.

Ẹnì kan ní òun á bá mi gba físà Gánà ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n san án?

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ ṣe àbẹ̀wò sí Gánà kò nílò físà, nítorí náà ẹni tó bá ń ta á fún yín ń ta ohun tí kò sí. Bákan náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ pé òun á bá yín ṣe físà Tógò, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Côte d'Ivoire.

Ìwé ìrìnnà mi ku oṣù mẹ́rin kí ó tó parí. Ṣé mo lè fi lọ?

Àdéhùn ECOWAS kò bèèrè ju pé kí ọjọ́ ìwé náà má tíì kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àti àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ní pápákọ̀ kò sì ní bá yín jiyàn lórí àdéhùn ọdún 1979. Ẹ tún un gbà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ti àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de wà ní Ìlọrin, nítorí náà kò sí ìdí tí ará Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán fi máa torí rẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù kí ẹ sì sanwó lórí ìkànnì àjọ náà, lẹ́yìn náà ni ẹ máa lọ ya fọ́tò kí wọ́n sì gba ìka ọwọ́ yín. Ẹ kò lè gbà á láìní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún di ₦100,000, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì di ₦200,000 fún ẹni tó bá gbà á nílé níbí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè gba ti ọdún mẹ́wàá. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta bá fẹ́ jáde, tí gbogbo wọn sì gba èyí tó kéré jù, ₦500,000 ti lọ kí wọ́n tó dé gárèéjì. A sọ ọ́ kí ẹ lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, kí ẹ má sì ronú láti fi ìwé ẹlòmíràn gbé ọmọ kọjá.

Ohun kan tó ń yọ àwọn ará Ìlọrin lẹ́nu jù ni bí a ṣe ń kọ orúkọ. Orúkọ kan náà lè jẹ́ Abdulraheem lórí NIN, kó di Abdul Rahim lórí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, kó sì tún di AbdulRahim lórí yẹ́lò káàdì. Obìnrin tó ti ṣègbéyàwó lè ní orúkọ bàbá lórí ọ̀kan, kó ní ti ọkọ lórí èkejì. Lójú tiwa, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ibodè kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ tún NIN ṣe ṣáájú, nítorí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ló máa wọ inú ìwé ìrìnnà, lẹ́yìn náà kí ẹ rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì àti yẹ́lò káàdì bá a mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ṣé mo lè fi ìwé NIN tàbí káàdì ìdìbò wọ Bẹ̀nẹ̀?

Rárá. Ìwé NIN àti káàdì ìdìbò kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń kọjá pẹ̀lú wọn, tàbí láìsí ìwé kankan, wọ́n á sì sọ fún yín pé kò sí wàhálà. Wàhálà rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ní jàǹbá, tí àìsàn bá dé, tàbí tí ọlọ́pàá bá béèrè ìgbà tí ẹ wọlé.

Kí ló dé tí wọ́n ń tẹnu mọ́ yẹ́lò káàdì tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ibà pọ́njú ń pani, ó sì ń bá èèyàn rin ìrìn-àjò. Ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, kò sí oògùn tó ń wo kòkòrò rẹ̀ sàn ní tààrà, àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo ń dáàbò boni. Ó yẹ kí àwa ará Kwara mọ èyí ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìpínlẹ̀ wa ni àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú ti tún yọjú ní Nàìjíríà ní ọdún 2017: Òkè-Òwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ni wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò Pasteur ní Dakar sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún náà. Ìjọba wá gbé ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára kalẹ̀ ní agbègbè náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera ní Akra tàbí Kútọnu bá na ọwọ́ pé kí ẹ mú káàdì wá, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ilé wa yẹn ni kò fẹ́ kó dé ilé tirẹ̀.

Káàdì tí wọ́n ń lò láti oṣù Keje, ọdún 2019 ní àmì tí ẹ̀rọ lè kà, èyí tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa fi orúkọ sílẹ̀ tí ẹ sì máa sanwó, lẹ́yìn náà ẹ ó lọ gba abẹ́rẹ́ àti káàdì ní ọ́fíìsì Port Health, ìyẹn ẹ̀ka ìlera ti ibodè àti pápákọ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó sì fẹ́ wọ Gánà ní ọjọ́ Jímọ́ ọ̀sẹ̀ náà, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bá òfin mu. Láti ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2016, káàdì náà kì í parí mọ́. Títí ayé ẹni ló ń ṣiṣẹ́, títí kan èyí tí ẹ gbà ṣáájú ọdún náà. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kí ẹ tún un ṣe nítorí pé ọdún mẹ́wàá ti pé, kò sí òfin àgbáyé tó sọ bẹ́ẹ̀.

A bẹ̀ yín, ẹ má ra káàdì láì gba abẹ́rẹ́. Ìwé lásán kò lè dènà ẹ̀fọn. Ẹni tí kò yẹ kó gba abẹ́rẹ́ náà wà lóòótọ́: ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹni tí ẹyin adìẹ máa ń fa àìsàn líle sí lára, ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ìdènà àrùn rẹ̀ di aláìlágbára. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn àti ẹni tó ti lé ní ọdún 60 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Dókítà lè kọ ìwé pé ìlera ẹni náà kò gbà á láyè, kí ó sì fi ìwé yẹn rìn.

Ẹnu ibodè wo ló yẹ kí n gbà láti Kwara, báwo ni nǹkan sì ṣe ń lọ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ máa ń gba Èkó kọjá sí Sèmè ní ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti ní ọgbà ibodè àjọlò tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018. Àwọn mìíràn máa ń gba Ìdí-Ìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó ń lọ sí àríwá Bẹ̀nẹ̀ kò nílò láti sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó, nítorí Chikanda ní ìjọba ìbílẹ̀ Baruten wà nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, ó sì bọ́ sí Nikki ní tààrà. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ará Baruten máa ń gbà lọ bá àwọn ẹbí wọn ṣe ọdún Gaani. Ọ̀nà náà jìn sí Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bí ààbò ṣe rí níbẹ̀ lásìkò tí ẹ bá fẹ́ rìn.

Níbi yòówù kí ẹ gbà, ìlànà kan náà ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ fúnra yín ni kí ẹ mú ìwé ìrìnnà lọ bá òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de Nàìjíríà, kí ó lu òǹtẹ̀ ìjáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò wo yẹ́lò káàdì. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ti orílẹ̀-èdè kejì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìwọlé. Kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà, ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Bí ó bá kéré sí 90, iye tó wà níbẹ̀ ni òfin máa fi mú yín, kì í ṣe iye tí ẹ kà nínú àdéhùn.

Ẹ má ṣe kó ìwé ìrìnnà fún awakọ̀ tàbí fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń sáré wá bá ọkọ̀ pé àwọn á bá yín lu òǹtẹ̀. Ẹ má sì tẹ̀ lé ọlọ́kadà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, kódà bí ìlà bá gùn tí oòrùn sì ń mú. Ẹni tó gba inú igbó wọlé kò ní òǹtẹ̀, ẹni tí kò sì ní òǹtẹ̀ kò lè fi hàn pé òun kò tíì lo ju 90 ọjọ́ lọ. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí àdéhùn Dakar fún un ló ti sọnù sínú igbó náà.

Wọ́n ń bèèrè owó lọ́wọ́ wa ní ẹnu ibodè. Ṣé owó òfin ni?

Kò sí owó ìwọlé tí àdéhùn ECOWAS là kalẹ̀ fún arìnrìn-àjò tí ìwé rẹ̀ pé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yàtọ̀, gbogbo ẹni tó ti rin ọ̀nà Sèmè ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé ni wọ́n máa ń mú jù, nítorí ó mọ̀ pé òun ní àṣìṣe, kò sì lè gbé ohùn sókè. Bí ìwé yín bá pé, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rìsíìtì àti orúkọ owó tí wọ́n ní kí ẹ san. Ẹ má bú òṣìṣẹ́, ẹ má sì ya fídíò ní ẹnu ibodè, nítorí ìyẹn fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀sùn. Ó dùn wá pé lẹ́yìn ọdún tó ti ju 45 lọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà, ìyá arúgbó tó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Lomé ṣì ní láti máa ka owó sílẹ̀ fún gbogbo ibi tí wọ́n ti na okùn dí ọ̀nà.

Kí ni wọ́n máa bi mí?

Ibi tí ẹ ń lọ, ẹni tí ẹ máa dé sọ́dọ̀ rẹ̀, iye ọjọ́ tí ẹ máa lò, àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nílé. Ẹ di àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ẹbí mú, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú ni ẹ wọ̀, ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sórí ìwé, nítorí fóònù lè kú. Ìdáhùn kúkúrú tó jẹ́ òtítọ́ ló dára jù.

Ṣé mo lè ṣiṣẹ́ tàbí tajà láàárín 90 ọjọ́ náà?

Àlejò ni ẹni tó wọlé láì gba físà. Ẹ lè rìn, ẹ lè bẹ ẹbí wò, ẹ lè ra ohun tí ẹ máa lò. Ṣùgbọ́n láti gba iṣẹ́ owó oṣù tàbí láti ṣí ṣọ́ọ̀bù gba ìwé mìíràn. ECOWAS ní àfikún àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ibùgbé láti ọdún 1986 àti lórí ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1990, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ lórí ìwé ibùgbé àti òwò àjèjì.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ọ̀ffà àti Ìlọrin ló ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó ṣòwò ní Gánà, tó mọ Tamale bí ẹni mọ àdúgbò rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia, tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ibùgbé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Àwọn tó ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n sì ti fi ojú sí ibẹ̀ bí ilé, kó ẹrù tí wọ́n lè gbé, wọ́n sì padà wá síbí. Àdéhùn ECOWAS kò tíì sí nígbà náà, ààbò tí a ní lónìí sì ju tiwọn lọ. Síbẹ̀, ìwé ni ààbò náà dúró lé. Ẹni tí 90 ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, tí kò lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de láti bèèrè àfikún, ti bọ́ sí ipò àwọn àgbà yẹn.

Ọmọbìnrin mi ní wọ́n ti rí iṣẹ́ fún òun ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà níbí, wọ́n ní kò gba físà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dá a dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ọ̀nà tí kò gba físà yìí ni àwọn tó ń kó èèyàn tà máa ń lò: wọ́n á ní iṣẹ́ ilé oúnjẹ tàbí iṣẹ́ irun dídì wà ní Côte d'Ivoire, Mali tàbí Burkina Faso, wọ́n á gba ìwé ìrìnnà ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì sọ gbèsè tí kò jẹ lé e lórí. Àwọn ọmọ tí wọ́n tàn bẹ́ẹ̀ ti bá ara wọn nínú iṣẹ́ aṣẹ́wó tàbí ní ọ̀nà aṣálẹ̀ Líbíyà. Iṣẹ́ tòótọ́ ní ìwé àdéhùn, ó ní àdírẹ́sì tí èèyàn lè pè, ẹni tó gbani síṣẹ́ sì máa ń ṣètò ìwé iṣẹ́. Bí ẹnì kankan bá ní kí ọmọ má sọ fún òbí, tàbí kó kọ́kọ́ búra níwájú òrìṣà kan, ẹ lọ sọ fún NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn tà, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ni àwọn ọmọdé nílò?

Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì tirẹ̀. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú ọmọ lọ, tàbí ẹ̀gbọ́n, àǹtí tàbí bàbá àgbà ló ń mú un lọ, kí òbí tó kù kọ ìwé ìyọ̀ǹda, kí wọ́n búra sí i ní kóòtù, kí wọ́n sì so ìwé ìbí ọmọ náà mọ́ ọn. Bí òṣìṣẹ́ bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú sí i. Ìbéèrè yẹn ló ń gba àwọn ọmọ mìíràn sílẹ̀.

Ṣé mo lè wa ọkọ̀ ara mi lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abala karùn-ún àdéhùn Dakar gbà kí ọkọ̀ àdáni lo 90 ọjọ́, kí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù sì lo ọjọ́ 15. Ẹ máa nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tó fi hàn pé ẹ ló ni ọkọ̀ náà, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọkọ̀ tó ń kọjá ibodè, àti ìwé adójútòfò tí wọ́n mọ̀ ní gbogbo ECOWAS, èyí tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àdéhùn tirẹ̀ ti wà láti ọdún 1982. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìwé ọkọ̀, kí ẹni náà kọ ìwé àṣẹ fún yín.

Owó àti oògùn ńkọ́?

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Côte d'Ivoire, Senegal àti Guinea-Bissau. Ní Gánà, sídì ni. Ẹni tó bá gbé owó tó ju $10,000 lọ jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ fi oògùn yín sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS. Ṣé a ṣì lè lọ?

ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù máa gba àwọn ọmọ ibẹ̀ wọlé láì gba físà títí di ìgbà tí ìpinnu mìíràn bá dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì kéde pé àwọn ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ àwọn láì gba físà. Ṣùgbọ́n ogun àwọn agbébọn ń jà ní apá púpọ̀ níbẹ̀. A kò ní gba arìnrìn-àjò afẹ́ nímọ̀ràn láti lọ síbẹ̀ nísinsìnyí.

Ṣé Umrah náà wà nínú ibi tí a kì í gba físà?

Rárá. Sáúdì Arébíà gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, yálà Umrah ni tàbí Hájì, ó sì tún ń bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn yàtọ̀ sí ti ibà pọ́njú.

Àwọn ibi tó jìnnà wo ni a tún lè lọ?

Rùwáńdà máa ń fún ọmọ Áfíríkà ní 30 ọjọ́ láì gba owó físà. Kẹ́ńyà fi ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò físà ní oṣù Kìíní, ọdún 2024, ó sì tún yọ ìwé náà kúrò fún ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ọdún 2025. Barbados náà kì í bèèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí ẹ máa gbà dé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá máa yà sí pápákọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹ nílò físà ìkọjá ti Amẹ́ríkà bí ẹ kò tilẹ̀ ní jáde síta, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè gbogbo ibi tí ọkọ̀ máa bà sí, kí ẹ sì wádìí òfin ibẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba wọn, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan.

Ìwé ìrìnnà mi sọnù sí ìlú òyìnbó tàbí sí Abidjan. Báwo ni mo ṣe máa dé ilé?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ kí ẹ gba ìwé pé ó sọnù, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Wọ́n wà ní Kútọnu, Lomé, Akra àti Abidjan. Wọ́n lè fún yín ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì tí ẹ máa fi padà sílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀dà ojú ewé ìwé ìrìnnà yín, pẹ̀lú ti òǹtẹ̀ ìwọlé, máa mú kí iṣẹ́ náà yá. Ẹ fi ọ̀kan sínú ẹrù, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹni kan nílé.

Bí wọ́n bá ti ibodè pa nígbà tí mo wà lóde ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn, pẹ̀lú Sèmè, títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Ẹ máa fi owó tó tó ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ sí i pa mọ́, kí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ aṣojú wa sì wà lọ́wọ́ yín. Bí 90 ọjọ́ yín bá ń parí lọ tí ibodè ṣì wà ní títì, ẹ má dúró dìgbà tó bá parí: ẹ mú ìwé ìrìnnà lọ sí ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de ti orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, kí ẹ bèèrè àfikún ọjọ́, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.